Kónílé-Ó-Gbélé: Ayálégbé Ńkọ́?

 Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lónìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó oṣù, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ owó àjẹmọ́nú. Ọ̀rọ̀ ibi tí a ń sùn sí ni. A mọ̀ pé àwọn kan yóò wí pé àrùn kòrónà ti kọjá lọ, kí la tún ń wá nínú rẹ̀? Èsì wa ni pé àrùn ló lọ, gbèsè owó ilé tó dá sílẹ̀ kò bá a lọ. Àwọn kan wà nínú wa tí ó pẹ́ gan-an kí wọ́n tó san án tán. Àrùn mìíràn yóò sì tún dé lọ́jọ́ kan, nítorí kòrónà kọ́ ni àkọ́kọ́. Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n.

Ẹ jẹ́ kí a rántí bí ó ti ṣẹlẹ̀. Ní ọjọ́ 27 oṣù kejì ọdún 2020 ni wọ́n rí ẹni àkọ́kọ́ tó ní àrùn náà ní Nàìjíríà. Láti alẹ́ ọjọ́ 30 oṣù kẹta, Ààrẹ Muhammadu Buhari ti Èkó, ìpínlẹ̀ Ògùn àti Abújá pa. Ní ọjọ́ 6 oṣù kẹrin, wọ́n kéde pé àrùn náà ti wọ ìpínlẹ̀ Kwara tiwa, kò sì pẹ́ tí wọ́n fi ti àwa náà mọ́lé. Orúkọ tí àwọn ènìyàn wa ń pe irú àṣẹ bẹ́ẹ̀ ni kónílé-ó-gbélé.

Ẹ yẹ orúkọ yìí wò dáadáa. Kí onílé gbé ilé rẹ̀. Ó dára, onílé gbélé. Ẹni tí kì í ṣe onílé ńkọ́? Ẹni tí owó ilé rẹ̀ parí ní ọ̀sẹ̀ tí wọ́n ti gáréèjì pa ńkọ́? Ẹni tí ilé-iṣẹ́ rẹ̀ ní kó lọ máa retí ìpè, tí kò sì rí ìpè ńkọ́? Ìjọba wí fún wa pé ilé ni oògùn àrùn yìí. Dókítà tó bá kọ oògùn fún aláìsàn, ó yẹ kó béèrè bóyá aláìsàn náà ní owó tí yóò fi rà á.

Ní àgbègbè wa, ní Èkìtì àti Òkè-Ẹ̀rọ̀, ìyà náà ní ojú méjì. Ààlà ìpínlẹ̀ wà lẹ́yìnkùlé wa. Ọ̀tùn kò jìnnà sí Ìlọfà, bẹ́ẹ̀ ni ẹbí àti àna wa pọ̀ ní ìpínlẹ̀ Èkìtì. Àwọn awakọ̀ wa kì í ka ibodè yìí sí ibodè. Ọ̀nà ọjà lásán ni lójú wọn. Ṣùgbọ́n láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù karùn-ún ọdún 2020 títí di ọjọ́ 1 oṣù keje, ìjọba àpapọ̀ kò gba ọkọ̀ èrò láàyè láti ìpínlẹ̀ kan sí ìkejì. Bí ọkọ̀ bá dúró fún oṣù méjì, ta ni yóò bá awakọ̀ àti kọ̀ndọ́kítọ̀ san owó ilé? Ojú kejì ni ti àwọn ọmọ wa tó wà ní Èkó àti Ìlọrin. Ọ̀pọ̀ ilé ló wà ní Òsì àti Ìlọfà tí ilẹ̀kùn wọn kì í ṣí àfi nígbà ọdún. Àwọn tó ń kọ́ wọn díẹ̀díẹ̀ ń gbé yàrá kan ṣoṣo lọ́nà jíjìn, ní ilé fésí-mi-n-fésí-ọ, níbi tí ìdílé mẹ́wàá ń lo ilé ìwẹ̀ kan. Àwọn ni wọ́n ní kí wọ́n jìnnà sí ara wọn.

Ẹ jẹ́ kí a sọ ohun tí ojú wa rí. Awakọ̀ kan wà nínú ẹgbẹ́ wa, ọmọ Òsì ni, Ìlọrin ló ń gbé, Èkó ló ń ná. Yàrá kan àti pálọ̀ ló gbà, owó ọdún kan ló máa ń san lẹ́ẹ̀kan. Owó náà parí ní oṣù karùn-ún ọdún 2020, nígbà tí ọkọ̀ rẹ̀ ti wà lójú kan fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Onílé bẹ̀ ẹ́, onílé bínú, nígbà tó yá onílé yọ ilẹ̀kùn. Ìyàwó awakọ̀ yìí fi aṣọ ta ojú ọ̀nà, òun àti ọmọ mẹ́ta sì sùn bẹ́ẹ̀ fún òru mẹ́rin. Ní òru mẹ́rin yẹn, rédíò kò dákẹ́: ẹ fọ ọwọ́ yín, ẹ dúró sílé, ẹ ti ilẹ̀kùn yín. Òsì ni ìlú Àrẹògún, agbẹ́gilére tó gbẹ́ ilẹ̀kùn àti òpó ilé tí àwọn òyìnbó kó sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé wọn. Àwọn baba wa mọ ohun tí ilẹ̀kùn jẹ́. Ọmọ ìlú tó ń gbẹ́ ilẹ̀kùn ló wá ń fi aṣọ dílẹ̀kùn.

Àwa mẹ́ta láti ìgbìmọ̀ ẹ̀ka ló lọ bá onílé náà. Kí a má purọ́, ìjà ni a mú lọ. Ṣùgbọ́n bàbá arúgbó kan ni a bá níbẹ̀, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, tí owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ kì í wá déédéé. Yàrá tó fi owó iṣẹ́ rẹ̀ kọ́ ló ń jẹ, òun náà ló fi ń ra oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Ayálégbé mẹ́fà ló wà nínú ilé náà, mẹ́rin nínú wọn kò rí owó san. Bàbá wí fún wa pé, "Ẹ̀yin ọmọ mi, ebi tó ń pa wọ́n náà ló ń pa mí." Kò sí ẹni tó tún gbóhùn sókè nínú wa. A jókòó, a fi bírò ṣírò lórí ẹ̀yìn ìwé. A pín owó ọdún náà sí ọ̀nà mẹ́rin, kí awakọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í san án ní oṣù tí ọ̀nà bá ṣí. Kí ilẹ̀ tó ṣú ọjọ́ náà, ilẹ̀kùn ti padà sí ipò rẹ̀. Ó sì san án, ìdá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Ohun tí ọjọ́ yẹn kọ́ wa ni pé ayálégbé àti onílé kì í ṣe ọ̀tá ara wọn nígbà gbogbo. Ọ̀pọ̀ onílé ní Ìlọrin, ní Ọ̀fà àti ní àgbègbè wa níhìn-ín, òṣìṣẹ́ bíi tiwa ni wọ́n tẹ́lẹ̀. Nígbà tí owó dúró, àwọn méjèèjì ni wọ́n fi sílẹ̀ kí wọ́n máa fa ara wọn láṣọ ya, ẹni tó dá owó dúró kò sì sí níbẹ̀. Nítorí náà, ìrànwọ́ tó bá dé ọ̀dọ̀ ayálégbé nìkan tàbí ọ̀dọ̀ onílé nìkan, ààbọ̀ ìrànwọ́ ni.

Kí ni ìjọba ṣe nígbà náà? A kò ní wí pé wọn kò ṣe nǹkan kan, nítorí irọ́ ni. Ní ọjọ́ 24 oṣù kẹta ọdún 2020, Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣojú-ṣòfin ní Abújá, tí Fẹ́mi Gbàjàbíàmílà jẹ́ olórí rẹ̀, fọwọ́ sí àbádòfin ìrànwọ́ pàjáwìrì kan láàárín ọjọ́ kan ṣoṣo. Ohun mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀. Èkíní, kí ilé-iṣẹ́ tí kò bá lé òṣìṣẹ́ gba ìdajì owó orí tó ń san fún àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ padà. Èkejì, kí wọ́n dá owó ibodè dúró lórí ohun èlò ìwòsàn. Ẹ̀kẹta ló kan ilé: kí òṣìṣẹ́ tó yá owó kọ́lé lábẹ́ Àpò Owó Ilé ti Orílẹ̀-èdè sinmi gbèsè sísan fún 180 ọjọ́, láti ọjọ́ 1 oṣù kẹta. Ìwé náà kúrò lọ́wọ́ àwọn aṣojú-ṣòfin, kò sì di òfin.

Ká tilẹ̀ ní ó di òfin, mélòó ni ìbá kàn nínú wa? Ẹ na ọwọ́ sókè ní gáréèjì, kí a ka ẹni tó fi owó ìjọba kọ́lé. Àwa ń kọ́ ilé pẹ̀lú èsúsú àti àjọ. Ọdún yìí a ra búlọ́ọ̀kù, ọdún tó ń bọ̀ a ra páànù. Ẹni tó ń kọ́lé báyìí kò jẹ báńkì ní gbèsè, nítorí náà kò sí gbèsè tí ìjọba máa bá a dá dúró. Ẹni tó sì yá ilé gbé, orúkọ rẹ̀ kò sí nínú ìwé náà rárá.

Báńkì Àgbà ti Nàìjíríà náà ṣe tirẹ̀. Ní oṣù kẹta ọdún 2020, ó dín èlé orí àwọn owó ìrànwọ́ tó yá àwọn oníṣòwò àti ilé-iṣẹ́ kù láti 9 sí 5 nínú ọgọ́rùn-ún, ó fún wọn ní ọdún kan láti fi sinmi ojú owó, ó sì gba àwọn báńkì yòókù láàyè láti tún ọjọ́ gbèsè àwọn oníbàárà wọn ṣe. Ohun tó dára ni. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó: ẹni tó jẹ báńkì ní gbèsè rí àánú gbà, ẹni tó jẹ onílé ní gbèsè rí òkò.

Lẹ́yìn náà ni ìjọba àpapọ̀ gbé ètò ọrọ̀ ajé kan jáde ní oṣù kẹfà ọdún 2020, tírílíọ̀nù náírà 2.3 ni wọ́n gbé lé e. Ilé 300,000 tí wọ́n fẹ́ kọ́ wà nínú rẹ̀. Ilé kíkọ́ dára, ṣùgbọ́n ilé tí a ó kọ́ lọ́dún tó ń bọ̀ kò lè gba òjò òní. Nínú ètò yẹn kan náà ni owó ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, náírà 30,000, ti wá fún àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ àti àwọn onímọ́tò. Àwọn kan nínú ẹgbẹ́ wa rí i gbà, a sì dúpẹ́. Ṣùgbọ́n iye yẹn ni owó oṣù tó kéré jù lọ nígbà náà. Owó oṣù kan ni fún ẹni tí ọ̀nà rẹ̀ dí fún oṣù méjì, tí owó ọdún kan sì ń dúró dè é lẹ́nu ilẹ̀kùn.

A ní láti sọ̀rọ̀ lórí Àpò Owó Ilé yìí, nítorí owó tiwa ló wà nínú rẹ̀. Òfin ọdún 1992 ló dá a sílẹ̀. Nígbà kòrónà, ó ní kí òṣìṣẹ́ máa fi náírà méjì ààbọ̀ sílẹ̀ nínú ọgọ́rùn-ún náírà owó oṣù rẹ̀ gan-an, kí ọ̀gá yọ ọ́, kí ó sì fi ránṣẹ́ sí báńkì ìjọba àpapọ̀ tó ń yáni lówó kọ́lé. Bí owó oṣù rẹ bá jẹ́ náírà 40,000, náírà 1,000 ni lóṣù, 12,000 lọ́dún. Bí o bá sì fẹ̀yìn tì láìyá nínú rẹ̀, òfin ní kí wọ́n dá owó rẹ padà tèlé-tèlé. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ kan tí a kò ní dárúkọ dá àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ dúró nígbà kòrónà, ọmọ Òkè-Ẹ̀rọ̀ kan tó ti ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ fún ọdún mọ́kànlá gbé ìwé owó oṣù rẹ̀ wá bá wa. Wọ́n ń yọ owó yìí lóṣooṣù. A ní kí ó béèrè nọ́ńbà rẹ̀ ní báńkì. Kò ní nọ́ńbà. Ọdún mọ́kànlá! Wọ́n ń yọ owó, kò sì sí ẹni tó lè fi hàn án pé owó náà dé ibi tó ń lọ. Ẹ̀bi ilé-iṣẹ́ ni, ṣùgbọ́n ẹ̀bi tiwa náà wà níbẹ̀, àwa aṣojú òṣìṣẹ́ tí a kò béèrè. A tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà náà, a tún ń tọrọ rẹ̀ nínú ìwé yìí.

Àwọn kan máa ń wí pé kò sí ibi tí ìjọba ti ń dá sí owó ilé lágbàáyé. Irọ́ ni. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n dá ẹjọ́ lílé ayálégbé dúró ní ilé ẹjọ́ láti ọjọ́ 27 oṣù kẹta títí di ọjọ́ 20 oṣù kẹsàn-án ọdún 2020, wọ́n sì gba àwọn tó fi owó báńkì ra ilé láàyè láti sinmi. Ní Amẹ́ríkà, òfin ọjọ́ 27 oṣù kẹta ọdún 2020 fún onílé tí ìjọba àpapọ̀ dúró fún gbèsè rẹ̀ ní 180 ọjọ́, ó sì lè béèrè fún 180 mìíràn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé owó tó lé ní bílíọ̀nù dọ́là 46 kalẹ̀ láti bá àwọn ayálégbé san gbèsè, owó tó jẹ́ pé ọwọ́ onílé ló ń bọ́ sí nígbẹ̀yìn. Ìyẹn ni pé wọ́n rí bàbá tíṣà, wọ́n sì rí awakọ̀.

Ẹ ó wí pé òyìnbó lówó. Ó dára, ẹ jẹ́ kí a wo ilé àwọn aládùúgbò wa. Ní Gánà, ìjọba san owó omi fún gbogbo ènìyàn ní oṣù kẹrin, ìkarùn-ún àti ìkẹfà ọdún 2020, ó sì bá àwọn tálákà san owó iná. Ní Tógò, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ètò kan tí wọ́n ń pè ní Novissi ní oṣù kẹrin ọdún kan náà. Owó ń wọ fóònù àwọn ọlọ́kadà, àwọn aránṣọ àti àwọn alátẹ tí àṣẹ ti dá iṣẹ́ wọn dúró. Ní Lomé, obìnrin ń gba 12,250 sẹ́fà lóṣù, ọkùnrin ń gba 10,500. Orúkọ inú ìwé ìdìbò ni wọ́n fi mọ ẹni tí wọn yóò san án fún. Tógò kò ní epo rọ̀bì bíi tiwa. Ohun tó ní ni ìwé orúkọ àti ìpinnu.

Ìtàn tiwa náà wà níbẹ̀. Nígbà tí àrùn tí eku ń fà bẹ́ sílẹ̀ ní Èkó ní ọdún 1924, ilé àwọn tálákà ni ìjọba òyìnbó dá ẹ̀bi fún. Ní 1928 wọ́n dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀ tí wọ́n fún ní agbára láti wó àdúgbò tí wọ́n bá pè ní ẹlẹ́gbin. Òfin tí ìjọba sì fi tì wá mọ́lé ní 2020, òfin ọdún 1926 ni. Ó fún olórí ní agbára láti dá ọ̀nà dúró, láti ti ọjà pa, láti ya aláìsàn sọ́tọ̀. Ẹni tó kọ òfin yẹn kò rò ó pé ẹni tí a bá tì mọ́lé gbọ́dọ̀ ní ilé. Ó ti ń pé ọgọ́rùn-ún ọdún báyìí, àwọn tiwa tó jókòó sórí àga náà kò tíì rò ó.

Kí ni a wá ń fẹ́? A kò sọ pé kí ìjọba gba ilé onílé. Ohun mẹ́rin ni a ń béèrè, ọ̀dọ̀ ìjọba ìpínlẹ̀ ni a sì ti ń béèrè púpọ̀ nínú wọn, nítorí ìpínlẹ̀ ló ń ṣe òfin owó ilé. Aṣojú Èkìtì wà ní ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní Ìlọrin, ti Òkè-Ẹ̀rọ̀ náà wà níbẹ̀. Ẹ̀yin lẹ dìbò fún wọn.

Èkíní, kí wọ́n ṣe òfin báyìí, nígbà tí ara dá, pé ọjọ́ tí gómìnà bá kéde kónílé-ó-gbélé, kò sí onílé tó lè lé ayálégbé síta títí oṣù mẹ́ta lẹ́yìn tí ọ̀nà bá ṣí. Èyí kò ná ìjọba ní kọ́bọ̀. Èkejì, kí òfin náà sọ bí gbèsè yóò ṣe di sísan díẹ̀díẹ̀, kí onílé má baà pàdánù ohun tó jẹ́ tirẹ̀. Ẹ̀kẹta, kí wọ́n dárí owó ilẹ̀ àti owó omi ji onílé tó bá gbà láti dúró de ayálégbé rẹ̀. Ẹ̀kẹrin, kí ìjọba àpapọ̀ gbé ìsinmi 180 ọjọ́ yẹn jáde padà, kí ó sì di òfin. Kí wọ́n sì jẹ́ kí òṣìṣẹ́ tó ti ń dáwó fún ọdún pípẹ́ lè yá díẹ̀ nínú owó tirẹ̀ fi san owó ilé nígbà àjàkálẹ̀ àrùn. Owó wa ni.

Àwa náà ní iṣẹ́ láti ṣe. Ìrànwọ́ kì í mọ ẹni tí kò ní ìwé. Púpọ̀ nínú wa ń san owó ilé lọ́wọ́ sọ́wọ́, láìgba rìsíìtì. Láti òní lọ, ẹ gba rìsíìtì, kí ẹ sì tọ́jú rẹ̀. Ẹ béèrè nọ́ńbà yín nínú Àpò Owó Ilé. Bí ọ̀gá kò bá rí i fi hàn yín láàárín oṣù kan, ẹ mú ìwé owó oṣù yín wá sọ́dọ̀ ìgbìmọ̀ ẹ̀ka. Ẹ mọ ẹ̀tọ́ yín pẹ̀lú: onílé kò ní agbára láti yọ ilẹ̀kùn tàbí ká páànù lórí ayálégbé. Ìwé ìkìlọ̀ ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fún un. Bí ìwé àdéhùn kò bá sọ ohun mìíràn, oṣù mẹ́fà ni fún ẹni tó ń san owó lọ́dọọdún, oṣù kan fún ẹni tó ń san án lóṣooṣù. Lẹ́yìn náà ni ìwé ọjọ́ méje, lẹ́yìn rẹ̀ ni ilé ẹjọ́. Ilé ẹjọ́ nìkan ló lè lé ènìyàn jáde.

Ní ìpàdé gbogbogbòò tó ń bọ̀, ìgbìmọ̀ ẹ̀ka yóò mú àbá kan wá pé kí a dá àpò owó ilé kékeré tiwa sílẹ̀, kí ẹnì kọ̀ọ̀kan máa fi díẹ̀ sí i lóṣù, kí a máa yá ọmọ ẹgbẹ́ láìsí èlé bí iṣẹ́ bá dúró nítorí àrùn. Ẹ wá, kí ẹ sì wá sọ tẹnu yín. Ẹni tó bá ní èrò tó dára ju tiwa lọ, kí ó mú un wá.

Awakọ̀ wa tó fi aṣọ dílẹ̀kùn ṣì ń ná Èkó. Ní ọdún tó kọjá ó bẹ̀rẹ̀ ilé yàrá mẹ́ta ní Òsì, ó sì ti dé lẹ́ńtẹ̀lì. A béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé kí ló kọ́kọ́ rà. Ó ní ilẹ̀kùn ni, pé ó ti wà nílẹ̀ lẹ́bàá ògiri lọ́dọ̀ ìyá òun kí àwọn tó gbẹ́ ìpìlẹ̀.

Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Ó dìgbà ìpàdé.